Ẹ̀sọ̀ La Fi Ń Wọ Igbó Onígbó

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù, kì í dẹ̀ ṣe ti Kánádà tí gbogbo wa ń gbààwẹ̀ lé lórí. Tógò ni mo lọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí èèyàn bá sọ pé òun lọ sí òkè òkun, ẹ ó ní kó wá jókòó kó máa ròyìn. Bó bá ní Tógò lòun lọ, ẹ ó bi í pé kí ló rà bọ̀. Mi ò ra nǹkan kan bọ̀. Mo lọ sùn nínú igbó orí òkè ni, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì, òru mẹ́ta gbáko, nínú àgọ́ aláṣọ.

Kí ló dé tí mo fi ní láti sọdá bodè méjì kí n tó sùn nínú igbó? Ṣé igbó ti tán nílé ni?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Bí a ṣe ń rìnrìn àjò nílẹ̀ wa lóde òní, ìbẹ̀rù ló ń wa ọkọ̀. Kí a tó kúrò ní gáréèjì la ti ń gbàdúrà. A fẹ́ délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọkọ̀ bá taku láàárín igbó, kò sẹ́ni tó ń wo igi. Ẹ̀yìn igi ni gbogbo wa ń wò.

Kì í ṣe ohun tí mo kà nínú ìwé ìròyìn lásán ni mò ń sọ. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi ní orúkọ igi nígbà tí mo wà ní kékeré: ìrókò, àràbà, afàrà, ayùnrẹ́. Àwọn ló ń sín igbe òfàfà jẹ fún wa lálẹ́ títí tí a ó fi sá wọlé. Lọ́dún 2021, àwọn ajínigbé gbé wọn lójú ọ̀nà oko. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò nínú igbó. A dáwó, a tọrọ, a tà. Wọ́n padà wálé láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Bàbá Kékeré ò fi ẹsẹ̀ kan oko yẹn mọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ti dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, àwọn ọdẹ náà dẹ̀ ń gbìyànjú, kò sírọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé a fẹ́ lọ pàgọ́ sínú igbó nílẹ̀ òkèèrè, wọn ò tilẹ̀ bínú. Wọ́n kàn wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Nínú igbó? Ta ló lé yín?"

Ẹ fi ìbéèrè yẹn sápò. A óò tún nílò rẹ̀ níwájú.

Àwa mẹ́ta la lọ. Ọ̀kan ń kọ́ èdè Faransé, ó ti gbé ní Lomé rí láti kọ́ èdè náà. Ìkejì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Scout nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, òun ló ni àgọ́. Èmi, gàrí àti ẹnu ni mo gbé wá. Físà ò ní wa lára, nítorí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe lọ́dún 1979 fún ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láyè láti wọ ìlú ẹnìkejì rẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ìwé ìrìnnà nìkan la mú dání.

Ọkọ̀ máa ń gbéra ní Èkó láàárọ̀, kó dé Lomé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwa lo ọjọ́ mẹ́rin kí a tó dé ẹsẹ̀ òkè tí à ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi elédè Faransé ló gbé òfin kan kalẹ̀: a ò ní kọjá nínú ìlú tí a bá fẹ́ sùn láìjẹ́ pé a kí èèyàn mẹ́ta ńbẹ̀, kí a sì jókòó ti ọ̀kan nínú wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe. Kì í ṣe eré.

Àjàṣẹ́ la sùn sí lálẹ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Èdè Faransé tí ọ̀rẹ́ mi kọ́ ò ríṣẹ́ ṣe ńbẹ̀, nítorí Yorùbá ni màmá tó ta oúnjẹ fún wa fi bi wá pé ọmọ ta ni wá. Ní Kútọnu, a gun ọ̀kadà. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀kadà ńbẹ̀ ni zémidjan, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Fọ̀n ni "gbé mi kíákíá". Mo bú sẹ́rìn-ín, torí ìrìn ẹ̀sọ̀ tí à ń pariwo, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń jẹ́ Gbé-mi-kíákíá la wà! Lálẹ́ kejì, a sùn ní Grand-Popo létí òkun. Lọ́jọ́ kẹta, a sọdá bodè sí Tógò, a sùn ní Lomé. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní bodè yẹn tí mo fẹ́ràn gan-an: a dá aago ọwọ́ wa padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, torí aago Tógò fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ẹ rò ó wò: ẹni tí kò kánjú ni wọ́n tún fi wákàtí kan tọrẹ fún.

Lọ́jọ́ kẹrin la wọ ọkọ̀ lọ sí Kpalimé. Ó tó ọgọ́fà kìlómítà sí Lomé. Àwọn ará Jámánì tó ń ṣàkóso Tógò nígbà náà la ojú irin lọ síbẹ̀ lọ́dún 1907, kí wọ́n lè máa kó kòkó wá sétí òkun. Ojú irin kòkó ni wọ́n ń pè é. Kò sí èrò tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀ mọ́, ọ̀nà mọ́tò ló kù. Kí a tó wọ ìlú la ti rí òkè Agou, òkè tó ga jù lọ ní gbogbo Tógò, 986 mítà. Ọyẹ́ ti bò ó lójú, ó dà bí àgbàlagbà tó fi aṣọ bora láàárọ̀. Ní Kpalimé, a jẹ fùfú. Ẹ gbọ́ o, fùfú tiwọn kì í ṣe ti ẹ̀gẹ́ bíi tiwa o. Iyán ni! Mo jẹ tiwọn tán, mo jẹ díẹ̀ nínú ti ọ̀rẹ́ mi.

Láti Kpalimé sí òkè Kloto, ọlọ́kadà lè gbé èèyàn dé òkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín. Bíi kìlómítà méjìlá ni, gbogbo rẹ̀ dẹ̀ ń gòkè, ó ń lọ kọ́rọkọ̀rọ bí ejò. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi. Àwa náà di ìgbín tòun ti ilé lẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti oko ń pàdé wa. Wọ́n ń sọ pé "Woezɔ", ìyẹn ni káàbọ̀ lédè Ewe, àwa dẹ̀ ń dáhùn pé "Yoo". Kí a tó dé òkè, mo ti sọ "Yoo" tó ogún ìgbà. Nígbà yẹn, ìkíni lásán ni mo kà á sí.

Nígbà tí a dé abúlé kan ní agbègbè Kouma, létí bodè Gánà, wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé omi fún wa. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ohunkóhun títí tí a fi mu omi náà tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè pé kí la bá wá. Ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé pé a kàn fẹ́ sùn nínú igbó, kí a gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó gbà fún wa, ṣùgbọ́n ó sọ ohun mẹ́ta: ibi tí amọ̀nà bá fi hàn wá ni kí a pàgọ́ sí, torí ọyẹ́, a ò gbọdọ̀ dáná níbi tí ewé gbígbẹ wà, ẹnikẹ́ni tí a bá bá pàdé nínú igbó, kí a kí i, bó ti wù kó rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe oko kọfí ni wọ́n ní kó mú wa lọ. A sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, a sì ra ọtí fún baálẹ̀.

Ojú tí a pàgọ́ sí tẹ́jú, kò jìn sí odò kékeré kan. Fóònù mi kí mi káàbọ̀ sí Gánà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dákẹ́ pátápátá. Ilẹ̀ ṣú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá sọ fún yín pé igbó dákẹ́ lálẹ́, kò tíì sùn síbẹ̀ rí. Kòkòrò ń han, ewé ń já, omi ń ṣàn. Ẹranko kan ké lórí igi, mo rántí òfàfà Bàbá Kékeré, ara mi bù máṣọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń hanrun. Èmi na ẹsẹ̀, mo ka ìṣẹ́jú. Mo ń rò ó pé ọjọ́ mẹ́fà ni Bàbá Kékeré fi gbọ́ irú ohùn báyìí, láìsí àgọ́, láìsí ọ̀rẹ́ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan fún wa rí nípa ọjọ́ mẹ́fà yẹn. Òru àkọ́kọ́ yìí ni mo tó ronú kàn án pé bóyá òru ni wọn ò fẹ́ rántí, kì í ṣe ọ̀sán.

Nígbà tó di bíi aago márùn-ún ìdájí, mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn ni, kì í ṣe ti ẹranko. Ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ wa, iná tọ́ọ̀ṣì ń jó lára aṣọ àgọ́. Mo fẹ́ pariwo, ohùn ò jáde. Ẹsẹ̀ náà dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan tó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Woezɔ loo."

"Yoo." Ẹnu mi ló dá a lóhùn, ọpọlọ mi ò tíì jí.

Adẹ́mu ni. Níbẹ̀, wọn kì í gun ọ̀pẹ bíi tiwa kí wọ́n tó dá ẹmu; wọ́n máa ń wó ọ̀pẹ náà lulẹ̀ ni, kí wọ́n wá máa gbe ẹmu lára rẹ̀ níbi tó sùn sí. Bàbá náà ń lọ sídìí ọ̀pẹ tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi jí, ó bá wọn sọ Faransé díẹ̀, ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi: wọ́n ní baálẹ̀ ti sọ fún gbogbo abúlé lálẹ́ àná pé àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta wà létí odò, kí ẹni tó bá ń kọjá máa yà wò wọ́n. Ẹnìkan ti yà kí a tó sùn, a ò gbọ́. Àwọn ni ẹnìkejì.

Mo jókòó sẹ́nu àgọ́ títí tí ojúmọ́ fi mọ́. Ṣẹ́ ẹ rí i, ní gbogbo òru yẹn, ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí a wà, tàbí pé ẹnìkan mọ̀. Nílé, méjèèjì ló burú. Bí ará ilé ò bá mọ ibi tí o wà, ewu ni. Bí àlejò bá mọ̀ ọ́n, ewu tó ju ìyẹn lọ ni. Níbí, gbogbo abúlé ló mọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣeé sùn. Kì í ṣe igi ló fún wa ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ogún "Yoo" tí mo dá lóhùn lójú ọ̀nà, àti omi tí a mu níwájú baálẹ̀, ló ń ṣọ́ wa. Ká ní ọ̀kadà ló gbé wa fìì kọjá ni, àlejò tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n là bá jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, amọ̀nà mú wa wọ inú igbó lọ. Mo ti ń pè é ní igbó láti àná, àṣé oko ni! Kọfí àti kòkó ló wà lábẹ́ àwọn igi ńláńlá yẹn. Wọn ò gé igi náà, torí pé kòkó àti kọfí fẹ́ ibòji, ewé tó ń já dẹ̀ ń di ajílẹ̀ fún ilẹ̀. Àgbẹ̀ ló ń jẹ́ kí igbó wà, igbó ló dẹ̀ ń jẹ́ kí àgbẹ̀ rí jẹ. Labalábá oríṣiríṣi ń fò kiri. Òkìkí labalábá Kloto kàn dé ọ̀nà jíjìn. Amọ̀nà ja ewé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó gbé e lé apá mi, ó gbá a pẹ́ẹ́. Nígbà tó ṣí i, àwòrán ewé náà ti hàn lára mi bí ẹni fi ẹfun yà á. Ó fọ́ èso kan, omi pupa jáde bí osùn. Ó ní àwọn ayàwòrán ìlú àwọn máa ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ya àwòrán.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo rí ìdáhùn sí ìbéèrè màmá mi. A dáná kékeré sórí àpáta létí odò, a rẹ gàrí, amọ̀nà wá jókòó tì wá. Ó bi wá pé apá ibo la ti wá. A ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Kétu nìyẹn." Ẹnu yà wá. Ó ní bí àwọn bàbá àwọn ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pé láti Kétu ni àwọn Ewe ti ṣí wá sí Notsé láyé àtijọ́. Ní Notsé, ọba kan jẹ tó ń jẹ́ Agokoli, ó le, ó ń ni aráàlú lára, ògiri ńlá dẹ̀ yí ìlú ká. Wọn ò lè bá a jà. Àwọn obìnrin wá bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tí wọ́n fi fọṣọ, tí wọ́n fi fọ abọ́, sí ojú kan ṣoṣo lára ògiri náà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dà á, ọba ò fura. Nígbà tí ògiri rọ̀ tán, wọ́n dá a lu lóru, wọ́n jáde. Wọ́n dẹ̀ fi ẹ̀yìn rìn, kí ẹni tó bá rí ojú ẹsẹ̀ wọn lè rò pé ṣe ni wọ́n wọlé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ṣì ń ṣe ọdún ìrántí rẹ̀ ní Notsé. Amọ̀nà ní láti ibẹ̀ làwọn ti dé orí òkè yìí.

Ta ló lé yín? Ó mà ṣe o, àwọn tó gbà wá lálejò ni wọ́n lé rí! Igbó orí òkè yìí ni ibi ìsádi wọn. Mo wá rántí pé àwa náà nírú rẹ̀: ní 1830, ṣebí abẹ́ Olúmọ làwọn Ẹ̀gbá sá sí tí wọ́n fi tẹ Abẹ́òkúta dó. Igbó àti òkè ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀tá nígbà náà. Lónìí, inú igbó la ti ń sá bọ̀. Nǹkan kan ti yí padà, igbó kọ́ ló dẹ̀ yí padà.

Mi ò sọ pé Tógò ò níṣòro tirẹ̀ o. Láti ìparí 2021 ni àwọn agbébọn ti ń kọlu àwọn abúlé kan ní Savanes, lókè àríwá lọ́hùn-ún, ìjọba dẹ̀ kéde òfin pàjáwìrì síbẹ̀ ní 2022. Ọ̀nà jìn láàárín Savanes àti Kloto, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan náà ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé àlàáfíà kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè, ti abúlé ni, ti ẹni tó mọ ẹni tó ń kọjá ni. Lóru kẹta, mo sùn fọnfọn. Bí adẹ́mu bá yà wò wá, mi ò gbọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ìrìn yìí bá wù yín, àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ ló dáa jù. Ẹ mú aṣọ òtútù, ẹ mú sẹ́fà tó ti di ṣẹ́ńjì, ẹ mú oògùn ibà. Ẹ kọ́ "Akpe", ìyẹn ni ẹ ṣeun. Ẹ má sáré.

Nígbà tí mo délé, mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bi mí bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka kọfí. Wọ́n bi mí bí kòkó wọn ṣe so sí. Wọ́n ní kí n tún ìtàn omi ìfọṣọ yẹn sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ẹ̀yin mẹ́ta sùn, kò dẹ̀ sẹ́ni tó ṣọ́ yín?"

Mo ní, "Abúlé ló ṣọ́ wa, sà."

Wọ́n dákẹ́ pẹ́ títí. Ìgbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ìrókò kan tó wà ní ààlà oko wọn ni wọ́n béèrè, bóyá ẹnìkan ti gé e. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé. Wọ́n ní òjò tó bá dá, àwọn á ránṣẹ́ sí olórí ọdẹ àti gbogbo aládùúgbò oko, kí gbogbo wa jọ lọ wò ó. Mo ní ṣé kí n wá ọkọ̀.

"Rárá," wọ́n ní. "Ẹsẹ̀ la ó fi rìn. Ó pẹ́ tí mo ti kí àwọn ará ọ̀nà yẹn."